Káàdì SATA olójú méjì, olójú mẹ́fà àti olójú mẹ́rìndínlógún: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ rà?

Iṣẹ́ fídíò ni mo ń ṣe, Sábọ̀ níbí ní Ìkòròdú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìkómọ, ìwúyè, kò sí èyí tí a kì í yà. Àwọn èèyàn rò pé kámẹ́rà ló ń jẹ owó nídìí iṣẹ́ yìí. Rárá o. Ibi tí màá kó fáìlì sí ló ń jẹ ẹ́. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: kámẹ́rà tó ń ya 4K ní 100 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan máa kún 45GB ní wákàtí kan. Kámẹ́rà méjì, wákàtí mẹ́rin, 360GB nìyẹn fún òde ẹyọ kan. Òde mọ́kànlá péré, dísíkì 4TB ti kún dẹ́nu. Ẹ ò sì lè pa á rẹ́. Ẹni tẹ́ ẹ ti gbé fídíò fún lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ló máa pè yín láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú pé fóònù òun ti wọ omi, ṣé tòun ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Nígbà tí mo ra dísíkì kẹrin, mi ò rí ojú tí màá kì í bọ̀ mọ́. Bọ́ọ̀dù (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) tòkunbọ̀ HP àti Dell tí ọ̀pọ̀ wa ń lò kì í sábà ní ju ojú SATA, ìyẹn ibi tí wáyà dísíkì ń wọ̀, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ẹ̀rọ CD tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ sì ti jókòó sórí ọ̀kan. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn èèyàn ni pé kó ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Káàdì pẹlẹbẹ kan wà tẹ́ ẹ máa kì bọ inú ihò PCIe lórí bọ́ọ̀dù, tó máa fún yín ní ojú SATA méjì, mẹ́rin, mẹ́fà, owó ẹ̀ ò sì dé ìdí owó dísíkì tẹ́ ẹ fẹ́ so mọ́ ọn. Oríṣi mẹ́rin ni mo ti rà, ọ̀kan nínú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́wọ́ ìdílé olókùú. Mi ò ní kọ iye náírà síbí, torí iye tí wọ́n pè láàárọ̀ kọ́ ni wọ́n máa pè lálẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà. Màá kàn sọ èyí tó wọ́n ju èkejì lọ.

Ẹ tú kọ̀ǹpútà yín wò ná

Kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò ní gáréèjì lọ sí Ìkẹjà, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà yín. Ẹni tó bá ń lo láptọ́ọ̀pù lè fo gbogbo èyí, kó lọ ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ external (dísíkì ìta tó ń fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà), torí kò sí ihò tí káàdì yìí máa wọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù.

Ẹ máa rí ihò gígùn kan, ibi tí àwọn tó ń ṣe géèmù ń fi káàdì wọn sí, àti kúkúrú kan tàbí méjì. Ihò funfun àtijọ́ tó ń jẹ́ PCI lásán, tí kò ní "e" lẹ́yìn, lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má fi dísíkì kankan lé e lórí. 133MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni gbogbo agbára ẹ̀, dísíkì ńlá kan ṣoṣo lè ju ìyẹn lọ.

Ọ̀nà mọ́tò ni kẹ́ ẹ fi ihò PCIe wé. Èyí tí wọ́n kọ x1 sí, ọ̀nà kan ló ní. x4 ní mẹ́rin, x16 ní mẹ́rìndínlógún. Ọ̀nà kan ti PCIe 2.0 ń gbé 500MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti 3.0 ń gbé nǹkan bíi 985MB. Ẹni tó bá ti jókòó sínú mọ́tò láti Mile 12 sí Ágíríkì láago méje alẹ́ ò nílò kí n ṣàlàyé ìyàtọ̀ ọ̀nà kan sí ọ̀nà méjì fún un.

Ohun kan wà níbí tí àwọn tó ń tajà kì í sọ fún yín, bóyá àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Lórí kọ̀ǹpútà Intel ìran kẹrin, irú Dell OptiPlex 9020 tó kún ìgboro yìí, ihò gígùn yẹn lọ tààrà sọ́dọ̀ CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, 3.0 sì ni. Ihò tó kù gba ara bọ́ọ̀dù kọjá, 2.0 ni. Nítorí náà káàdì 3.0 kan náà tẹ́ ẹ kì bọ ihò kejì máa sáré ní ìdajì agbára ẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá ní káàdì géèmù nínú ihò gígùn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kì í sí. Káàdì kúkúrú máa ń wọ ihò gígùn dáadáa. Káàdì gígùn ni kì í wọ ihò kúkúrú tí ẹ̀yìn ẹ̀ dí.

Ẹ wo gíga ẹ̀ náà. Àwọn kọ̀ǹpútà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní SFF ò gba káàdì tí irin ẹ̀yìn ẹ̀ ga. Ọ̀pọ̀ páálí máa ń ní irin kúkúrú kejì nínú, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ fojú rí i kẹ́ ẹ tó sanwó. Mo ti rí ẹni tó fi plíasì tẹ irin gíga kó lè bo ilé kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Ó bò ó. Àmọ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá fara kan tábìlì, káàdì á yẹ̀ nínú ihò.

Orúkọ ṣíìpù ni kẹ́ ẹ bèèrè

Orúkọ tó wà lára páálí ò já mọ́ nǹkan kan. Ilé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló ń tẹ páálí, ṣùgbọ́n ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ káàdì, ọ̀dọ̀ àwọn díẹ̀ ló ti ń wá: ASMedia, JMicron, Marvell. Káàdì méjì tí àwọ̀ wọn jọra, tí ojú wọn dọ́gba, lè yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru nítorí ṣíìpù. Àwọn tẹ́ ẹ máa bá pàdé nìyí:

| Ṣíìpù | Ojú SATA | PCIe | Àpapọ̀ ohun tó lè gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan |
|---|---|---|---|
| ASM1061 | 2 | 2.0 x1 | 500MB |
| JMB582 | 2 | 3.0 x1 | 985MB |
| 88SE9215 | 4 | 2.0 x1 | 500MB |
| ASM1064 | 4 | 3.0 x1 | 985MB |
| JMB585 | 5 | 3.0 x2 | 1,970MB |
| ASM1166 | 6 | 3.0 x2 | 1,970MB |

Orí ìwé ni àwọn iye yìí, kò sí èyí tó máa dé ibẹ̀ pátápátá lórí tábìlì yín. Bó ti wù kó rí, wọ́n tó láti fi ṣe ìpinnu. Dísíkì onírin ńlá tó ń yí 7,200 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan máa ń kà láàárín 150 sí 250MB ní ìṣẹ́jú-àáyá. SSD onísátà, dísíkì tí kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú, ń lọ sí nǹkan bíi 550MB.

Ẹ wá fi wé ara wọn. ASM1061 ló pọ̀ jù nígboro, òun ló sì rọjú jù. Dísíkì onírin méjì, ó gbé wọn láìmí gúlegúle. Ẹ fi SSD kan ṣoṣo sí i, ó ti kún. Ẹni tó bá fẹ́ fi SSD kan àti dísíkì kan sí i, kó fi díẹ̀ lé owó ra JMB582. Nígbà tí mo ra tèmi, ohun tí màá fi jẹ ẹ̀wà ni ìyàtọ̀ owó wọn.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ sá fún nínú wọn ni 88SE9215 ti Marvell. Ojú mẹ́rin lórí ọ̀nà kan ti 2.0: nígbà tí dísíkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, 125MB ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò tó ohun tí dísíkì onírin ńlá ń ṣe. Yàtọ̀ síyẹn, ìdílé ṣíìpù yìí ní àìsàn kan tí àwọn onílínọ́ọ̀sì (àwọn tó ń lo Linux dípò Windows) mọ̀ dáadáa: tí ètò kan tó ń jẹ́ VT-d bá ti wà ní títàn nínú BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà), dísíkì lè má hàn rárá bí wọn ò bá ṣe àtúnṣe sí i. Tó bá jẹ́ Windows lásán lẹ ń lò, ìyẹn ò kàn yín, ṣùgbọ́n ASM1064 ṣe iṣẹ́ kan náà ní ìlọ́po méjì eré. Kí wá ni ká fi Marvell ṣe?

Ìjà gidi wà láàárín JMB585 àti ASM1166. Àwọn méjèèjì dára. Ojú kan ló fi ju ara wọn lọ, ọ̀nà méjì ti 3.0 làwọn méjèèjì sì ní, kálukú dísíkì onírin á rí nǹkan bíi 330MB tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó ju ohun tí wọ́n lè lò lọ. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni iná. JMB585 kì í jẹ́ kí CPU sun oorun àsùnwọra nígbà tí kò sí iṣẹ́, ASM1166 máa ń gbà kó sùn tí sọ́fítíwíà inú ẹ̀ bá jẹ́ tuntun. Fún ẹni tó ń tan kọ̀ǹpútà ẹ̀ láàárọ̀ tó ń pa á lálẹ́, kò kàn án. Fún ẹni tó fi tiẹ̀ sílẹ̀ lórí ìnfátà tọ̀sán-tòru, wáàtì mélòó kan lójoojúmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. ASM1166 ló wà nínú tèmi báyìí.

Gbogbo àwọn tó wà nínú tábìlì yẹn, èdè dísíkì tí wọ́n ń pè ní AHCI ni wọ́n ń sọ. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé Windows 10 àti 11 máa dá wọn mọ̀ fúnra wọn láìsí díráfà kankan. CD kékeré tó wà nínú páálí, ẹ fún ọmọdé kó fi ṣeré. Àmọ́ Windows fúnra ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà lórí ojú SATA ti bọ́ọ̀dù. Kì í ṣe gbogbo káàdì ló lè gbé kọ̀ǹpútà dìde, kò sì sí ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ dán an wò.

Olójú mẹ́rìndínlógún tó fẹ́ ṣe mí léṣe

Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní Ọ̀tìgbà, nínú Computer Village, mọ bá a ṣe ń tajà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi olójú mẹ́fà yẹn sílẹ̀. Mẹ́rìndínlógún lèyí. Ẹ ò tún ní ra káàdì mọ́ láyé yín."

Mo ní, "Àbúrò, ṣíìpù wo ló wà lára ẹ̀?"

"Ṣíìpù kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, orígínà ni."

Ẹnu rẹ̀ dùn, mo sanwó. Mo délé, mo so dísíkì márùn-ún mọ́ ọn, gbogbo wọn hàn, inú mi dùn. Lọ́sẹ̀ kejì, a ya òkú àgbà kan ní Ìgbógbó. Mo ń da fáìlì rẹ̀ sórí dísíkì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan lè jẹ́ àdàkọ. Eré bẹ̀rẹ̀ ní 160MB, ó wálẹ̀ sí 60, ó wálẹ̀ sí 20, ó wá dúró síbẹ̀ bíi mọ́tò tí epo tán nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn Windows dún, ìró yẹn tó máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá yọ fíláàṣì. Dísíkì E lọ. F tẹ̀lé e. Kí n tó dìde, gbogbo márààrún ti pòórá kúrò lójú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì pa mẹ́mórì káàdì kámẹ́rà rẹ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò pa á rẹ́ mọ́ títí fáìlì á fi wà níbi méjì, tí màá sì ti ṣí i wò níbi méjèèjì.

Mo yọ irin tó bo ṣíìpù káàdì náà, mo fi iná fóònù tàn án. ASM1064 kan ló wà níbẹ̀, ó ní ojú mẹ́rin. Mẹ́ta nínú ojú mẹ́rin yẹn ni wọ́n so JMB575 mọ́, ṣíìpù tó ń pín ojú kan sí márùn-ún. Mẹ́ta lọ́nà márùn-ún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún; ẹ fi ojú kẹrin kún un, mẹ́rìndínlógún. Ẹ wá wo ọgbọ́n náà: gbogbo mẹ́rìndínlógún, orí ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń rìn jáde. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n kó mọ́tò gáréèjì mẹ́rìndínlógún sí ojú títì kan. Èyí tó burú jùyẹn lọ ni pé bí dísíkì kan bá ṣe àṣìṣe lẹ́yìn JMB575, ó lè fa àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ wà lẹ́yìn ẹ̀ lulẹ̀.

Ká má ṣàbòsí, káàdì olójú púpọ̀ yìí ní ibi tó ti wúlò. Ẹni tó ń tọ́jú dísíkì tí kì í fọwọ́ kàn ju ọ̀kan lọ lẹ́ẹ̀kan, tí ohun tó wà nínú ẹ̀ sì tún wà níbòmíràn, lè lò ó. Ṣùgbọ́n tí káàdì bá ní ju ojú mẹ́fà lọ tó sì ń wọ ihò kúkúrú x1, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti pín ojú nínú ẹ̀, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á wí.

Tó bá jẹ́ ojú mẹ́jọ gidi lẹ fẹ́

Ọ̀nà kan ṣì wà: káàdì tí wọ́n tú lára sáfà àtijọ́ (kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́). Èyí tó lókìkí jù ni LSI 9211-8i, ṣíìpù SAS2008 ló wà lára ẹ̀. Dell ní tiẹ̀ tó ń pè ní PERC H200, IBM ní M1015, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀nà mẹ́jọ ti PCIe 2.0 ló ń lò, dísíkì mẹ́jọ kò lè mú un láàgùn.

Ó ní wàhálà tiẹ̀. Wọ́n ní láti fi sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ IT mode sínú ẹ̀ kó má bàa máa da RAID (ètò tó ń da dísíkì púpọ̀ pọ̀ bí ẹyọ kan) sọ́rọ̀ yín. Tí ẹni tó ń tà á ò bá mọ ohun tó ń jẹ́ IT mode, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá lè ṣe é fúnra yín. Wáyà ẹ̀ yàtọ̀, SFF-8087 ni, orí kan lápá kan, SATA mẹ́rin lápá kejì, méjì lẹ máa rà. Ihò gígùn nìkan ló ń wọ̀. Ó sì ń gbóná: inú sáfà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bí ìjì ni wọ́n ṣe é fún. Nínú yàrá tí òòrùn Ìkòròdú ń dà lé pánù ẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá so fáànù kékeré mọ́ irin orí ẹ̀, ẹ máa fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan ni, ẹ ò tún ní fọwọ́ kàn án mọ́. Fún onífídíò ẹlẹ́yọ ọ̀kan bíi tèmi, agbada ńlá ni fún ẹyin kan.

External ńkọ́?

Òun ló rọrùn jù, mi ò jiyàn. USB 3.0 ń gbé 5 gígábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá, dísíkì onírin kankan ò lè kún un. Ẹ lè gbé e dání, ẹ lè fi han oníbàárà nílé ẹ̀, láptọ́ọ̀pù gbà á. Tó bá jẹ́ dísíkì kan tàbí méjì lẹ nílò, ẹ má wulẹ̀ ka káàdì sí, ẹ ra external.

Àmọ́ nígbà tó bá di mẹ́rin, ọ̀rọ̀ á yí padà. Èyí tó ń lo dísíkì ńlá ní ṣájà tiẹ̀, ẹ máa ní ṣájà mẹ́rin lórí ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n kan. Ẹni kan á fẹsẹ̀ kọ wáyà. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ á yọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kó lè ráàyè fi fóònù ẹ̀ gba iná. Èyí tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àbá. Dísíkì méjì ni mo ti pàdánù nípasẹ̀ ìṣubú láti orí tábìlì. Ti inú kọ̀ǹpútà kì í ṣubú. Lójú owó pẹ̀lú, dísíkì ìhòòhò pẹ̀lú káàdì máa ń dín ju external mẹ́rin lọ, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti ní àwọn dísíkì tẹ́ ẹ tú lára kọ̀ǹpútà àtijọ́.

Káàdì NVMe náà wà, ẹ ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yìí nínú gíláàsì: pátákó lásán tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ fi SSD M.2 kan, èyí tó rí pẹlẹbẹ tí kò ní wáyà, sínú ihò x4. Ó dáa fún ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣe ẹ́díìtì, ó ń sáré. Ìpamọ́ kọ́ ni wọ́n ṣe é fún, SSD 4TB ò rí bíi dísíkì 4TB lówó. Pàkúté ibẹ̀ kan ṣoṣo ni pé SSD M.2 méjì ló wà tí wọ́n jọra, ọ̀kan NVMe, ọ̀kan SATA. Èyí tó jẹ́ SATA ò ní hàn rárá lórí pátákó NVMe.

Iná ló ń pa wá, kì í ṣe káàdì

Ká ní apá kan lẹ máa kà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kó jẹ́ ibí. Káàdì ń fún yín ní ojú tí fáìlì ń gbà kọjá. Kò fún dísíkì ní iná. Láti inú páwà pákì ni iná ti ń wá, páwà pákì tòkunbọ̀ sì kéré. Ti OptiPlex 9020 SFF, 255 wáàtì ni gbogbo ẹ̀, CPU àti bọ́ọ̀dù á sì kọ́kọ́ jẹ tiwọn níbẹ̀.

Dísíkì onírin ńlá kan kì í jẹ ju wáàtì mẹ́wàá lọ nígbà tó bá ti ń yí. Ìgbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yí ni ìṣòro, ó lè fa nǹkan bí amúpíà méjì lórí 12 fóólì, wáàtì mẹ́rìnlélógún nìyẹn. Mẹ́fà á fa 144 lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì. Tí kọ̀ǹpútà yín bá ń kú tó ń jí nígbà tẹ́ ẹ tàn án, tàbí tí dísíkì kan ń ṣe "tíkì, tíkì" láìhàn, ẹ má sáré lọ bá ẹni tó ta káàdì jà. Páwà pákì ló ń ké.

Àwọn èèyàn á ní, "Ṣebí màá pààrọ̀ páwà pákì." Ìdí tí mo fi ń bínú sí Dell àti HP nìyẹn. Orí tí wọ́n ń kì bọ bọ́ọ̀dù 9020, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní. Ti HP EliteDesk 800 G1, mẹ́fà. Páwà pákì ọjà tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rìnlélógún ò lè wọ̀ ọ́ láìsí wáyà ìyípadà. Wáyà náà wà ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ẹ rò ó mọ́ ìnáwó.

Ó wá ku wáyà tó ń pín iná. Orí SATA tó ń gbé iná, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní fún 12 fóólì, amúpíà kan ààbọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé, mẹ́rin ààbọ̀ lápapọ̀. Dísíkì méjì tó bẹ̀rẹ̀ pọ̀ á fa mẹ́rin. Nítorí náà wáyà tó ń pín orí SATA kan sí méjì ṣì ṣeé gbà. Èyí tó ń pín in sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, amúpíà mẹ́jọ sí mẹ́wàá lẹ fẹ́ gba inú ibi tó yẹ kó gba mẹ́rin ààbọ̀. Kò tíì gbiná lónìí kò túmọ̀ sí pé kò ní gbiná.

Ti Molex, orí ńlá olẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ní wáyà ìyeyè, pupa àti dúdú méjì, ń gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sàn kẹ́ ẹ pín láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí SATA tó wà lápá kejì. Oríṣi méjì ni. Èyí tí wọ́n da ọ̀rá yíyọ́ bò, tó lẹ̀ mọ́ra bí ẹyọ kan, tó ń dán, inú ẹ̀ ni wáyà ti lè sún mọ́ra tí wọ́n á fi kan ara wọn. Èyí tí wọ́n fi irin tẹ wáyà mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ lè rí ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ti wọlé lẹ́yìn ẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ rà. Mo ti lo ti àkọ́kọ́ rí. Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ló ṣe dáadáa. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ òórùn bíi ti kóòmù tí wọ́n sún mọ́ iná. Mo yọ plọ́ọ̀gì lára ògiri kí n tó wádìí. Orí náà ti dúdú, ó ti yọ́ mọ́ ẹsẹ̀ dísíkì, ọ̀bẹ ni mo fi yọ ọ́. Dísíkì náà ò jí mọ́.

Ilé iná Ẹ̀gbìn tó ní agbára 1,320 mẹ́gáwáàtì, Ìjẹ̀dẹ̀ níbí ló wà, ìyẹn inú Ìkòròdú wa yìí. Síbẹ̀ wọ́n lè mú iná lọ kí wọ́n mú un wá ní ìgbà mẹ́rin láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Gbogbo ìgbà tó bá ń wá yẹn ni dísíkì mẹ́fà á tún fa 144 wáàtì pọ̀, gbogbo ìgbà tó bá ń lọ ni fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ á já. Nítorí náà UPS wà nínú owó káàdì yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò kọ ọ́ sára páálí. Ẹ ra èyí tó lè gbé ìbẹ̀rẹ̀ dísíkì yín, kì í ṣe èyí tó kàn gbé kọ̀ǹpútà nìkan.

Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń rà á lónìí

Fún SFF tẹ́ẹ́rẹ́: ASM1061 tàbí JMB582, olójú méjì, irin kúkúrú. Àyè ò sí fún ju dísíkì kan tàbí méjì lọ nínú ilé yẹn, iná ò sì sí. Kí lẹ fẹ́ fi ojú mẹ́fà ṣe?

Fún kọ̀ǹpútà gíga tó ní àyè dísíkì mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí páwà pákì ẹ̀ sì tó: ASM1166 nínú ihò gígùn. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, JMB585. Wọ́n wọ́n ju olójú méjì lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì rọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísíkì kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo láptọ́ọ̀pù, external ni, ẹ so ó mọ́lẹ̀ dáadáa.

Káàdì tó ń polówó RAID lára páálí, ẹ má san owó lé e nítorí ìyẹn. Ọjọ́ tó bá kú, káàdì irú ẹ̀ gan-an lẹ máa wá kiri kẹ́ ẹ tó lè rí fáìlì yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ da dísíkì pọ̀, Storage Spaces wà nínú Windows, mdadm wà fún onílínọ́ọ̀sì, wọn kì í béèrè káàdì wo lẹ fi so dísíkì.

Lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n kì í bọ kọ̀ǹpútà wọn kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ ṣí Device Manager, orúkọ ASMedia tàbí "AHCI" gbọ́dọ̀ hàn. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ilé, ẹ fi sọ́fítíwíà CrystalDiskInfo wo dísíkì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà tó wà níwájú C7 sílẹ̀. Àṣìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láàárín dísíkì àti káàdì ló ń kà. Ẹ da fáìlì 100GB sí i, kẹ́ ẹ tún un wò. Tí C7 bá ti gòkè, wáyà SATA pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi kún páálí yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Nínú mẹ́rin tí mo rà, méjì ni wáyà inú páálí ti bàjẹ́ láti ọjọ́ kìíní, káàdì ò sì ṣe nǹkan kan.